Mo ra akíkà láàyè lọ́nà Iléṣà sí Ifẹ̀, kí ni kí n ṣe sí i?

Tíṣà_Ìlarè (ọjọ́ Ẹtì, 8:47 alẹ́)

Ẹ káalẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ síbí.

Iléṣà ni mo ti ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ òní. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Òṣú ni mo rí ọmọkùnrin kan lẹ́bàá títì, kò lè ju ogún ọdún lọ, ó so nǹkan kan rọ̀ sórí igi. Mo rò pé òyà ni. Ìgbà tí mo páàkì ni mo rí i pé ìpẹ́ ló bò ó láti orí dé ìrù, ó sì ká jọ ribiti bí òṣùká. Ọmọ náà ní, "Akíkà ni, mà. Ó ṣì wà láàyè. Òyà ò tó o dùn."

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló pè é, mo ná an títí ó fi gba ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Owó ò tètè wọlé sórí fóònù rẹ̀, ló bá lóṣòó síwájú mọ́tò mi, ó ní òun ò ní dìde àfi bí òun bá rí alẹ́ẹ̀tì. Mo fún un ní nọ́ńbà mi kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, síbẹ̀ kò dìde. Ó tó ogún ìṣẹ́jú ká tó kúrò níbẹ̀.

Ó ti wà nínú agbọ̀n ní kíṣìnì mi báyìí. Mo fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì, kò tiẹ̀ yọ imú. Bàbá àwọn ọmọ ní bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹran yẹn ṣì wà nínú ilé, òun á kó lọ sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ni kí n ṣe?

Òṣómàáló_Ìmọ̀ (8:55 alẹ́)

Ata rodo mẹ́fà, àlùbọ́sà ńlá méjì, iyọ̀ níwọ̀nba...

Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin lẹ ní ká má sọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ìyẹn ló rán mi létí. Ṣùgbọ́n ẹ tún un sọ fún mi: ẹ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ra ẹran, ẹ wá ń bi wá ní ohun tí wọ́n ń fi ẹran ṣe? Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn ṣá. Ó lóṣòó gba owó rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà gidi ni.

Dúdú_Sábó (8:58 alẹ́)

Ẹran wo lẹ ń pè ní akíkà? Ṣé èyí tí bàbá mi ń pè ní àáká náà ni?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ẹ̀dá (9:10 alẹ́)

Ẹ káalẹ́, mà. Ìmọ̀ nípa ẹranko ni mò ń kọ́ ní OAU níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn kúrò níwájú rẹ̀. Akíkà ò ní eyín, ẹyọ kan báyìí ò sí lẹ́nu rẹ̀. Èèrà àti ikán nìkan ló ń jẹ. Ahọ́n rẹ̀ gùn, ó sì ń lẹ̀ bí ilá, òun ló ń tì bọ inú ọ̀gán àti abẹ́ èèpo igi láti fi kó wọn. Ìdí nìyẹn tí kì í fi pẹ́ kú lọ́wọ́ ẹni tó bá ní òun fẹ́ sìn ín. Ta ló máa bá a wá èèrà lójoojúmọ́?

Lálẹ́ yìí, ẹ gbé e kúrò ní kíṣìnì lọ sí yàrá tí kò sí iná tí kò sì sí ariwo. Ẹ bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ gbé e tì í. Ẹ má fagídí tú u, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù ló ń bà á tó fi ká jọ. Ẹran òru ni, tí ilé bá ti pa rọ́rọ́, á tú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí kò bá ju ológbò lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oníkùn-funfun tó máa ń gun igi. Ẹ̀yà mẹ́jọ ló wà láyé, mẹ́rin ní Éṣíà, mẹ́rin ní Áfíríkà, mẹ́ta nínú ti Áfíríkà sì wà ní Nàìjíríà. Ọdún 2019 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun, kọ oníkùn-funfun yìí mọ́ àwọn ẹranko tó wà nínú ewu àtiparun.

Dúdú_Sábó, akíkà àti àáká, ẹran kan náà ni.

Ọdẹ_Ìpetu (9:41 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ti pa á rí dá sí i.

Ẹran yìí ò ṣòro pa, ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti burú gan-an nìyẹn. Òyà á sá. Ẹtu á fò. Ọ̀bọ á kó sórí igi, á máa bú ọ. Akíkà ńkọ́? Bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ńṣe ló máa ká jọ, á fi orí àti ikùn pamọ́ sínú. Ẹkùn á yí i síwá yí i sẹ́yìn títí á fi sú u. Ajá ọdẹ á gbó, á gbìyànjú eyín lára rẹ̀, á padà. Ènìyàn ò nílò ọta, kò nílò àdá. Á bẹ̀rẹ̀, á gbé e bí ẹni ṣa àgbọn tó já bọ́, ó di inú àpò. Ohun tí Ọlọ́run fi gbà á lọ́wọ́ ẹkùn náà ló fi í lé wa lọ́wọ́.

Bàbá mi kì í wá a. Bó bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà tàkúté ló ń mú un, ó sì lè ṣe oṣù mélòó kan kó tó tún rí òmíràn. Nísinsìnyí, ọmọ tí kò mọ orúkọ igi márùn-ún á de tọ́ọ̀ṣì mọ́rí, á gun ọ̀kadà dé ibi tí ẹsẹ̀ bàbá mi ò dé rí. Wáyà tí wọ́n dẹ sílẹ̀ ò mọ akíkà yàtọ̀ sí òkété. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé igi sì ti gé àwọn igi ńlá oníhò tó máa ń sùn sí lọ́sàn-án. Ẹ wá fi ti góòlù kún un. Lápá Ìpẹ̀rìndó àti Igún, ibi tí àwọn tó ń wa ilẹ̀ bá ti pàgọ́, gbogbo wọn ló fẹ́ jẹ ẹran. Ohunkóhun tí ọdẹ bá pa, ó ti tà á kó tó dójú títì.

Ọdún kẹrin rèé tí mi ò ti fojú kan akíkà nínú igbó. Èyí tó tóbi, tó ń gbẹ́ ilẹ̀ sùn, ẹnu bàbá mi nìkan ni mo ti gbọ́ ọ.

Mayfair_Kì_Í_Sùn (9:58 alẹ́)

Ẹ fi ọdẹ sílẹ̀ jàre. Ta ló ń ra ìpẹ́? Ẹ ti gbàgbé 2019 ni? Nínú oṣù kẹrin ọdún yẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n gba ìpẹ́ akíkà 12.9 tọ́ọ̀nù nínú kọ̀nténà kan ní Singapore, wọ́n tún gba 12.7 tọ́ọ̀nù nínú òmíràn. Nàìjíríà ni méjèèjì ti gbéra, Vietnam ni wọ́n ń lọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù àkọ́kọ́ pé ẹran màlúù inú yìnyín ni! Nínú oṣù keje 2021, kọ́sítọ́ọ̀mù tiwa náà gba ohun tó lé ní tọ́ọ̀nù 17 ní Lẹ́kkí. Ẹ ka iye akíkà tó máa kú kí ìpẹ́ tó pé tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Éṣíà ló ń pa á. Ìwọ̀nba tí àwa ń fi jẹ iyán, kí ló jẹ́ lára ìyẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ẹ̀dá (10:20 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ó tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣa ìròyìn gbogbo ẹrù tí wọ́n gbà tó kan Nàìjíríà jọ láti 2010 sí 2021 rí i pé ìpẹ́ inú wọn lé ní 190,000 kílò, tí wọ́n ní ara akíkà bíi 800,000 ló ti wá. Nígbà tí ti Éṣíà ń tán lọ ni àwọn oníṣòwò kọjú sí tiwa. Ṣáínà yọ ìpẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ìwé oògùn ìjọba wọn ní 2020, ṣùgbọ́n òwò abẹ́lẹ̀ ò dúró.

Ibi tí mi ò ti bá yín lọ ni ti "ìwọ̀nba". Ọmọ Nàìjíríà kan, Charles Emogor, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá àwọn ọdẹ àtàwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní Cross River sọ̀rọ̀, wọ́n lé ní 800. Ọdún 2025 ni ìwádìí náà jáde. Nínú akíkà 100 tí wọ́n mú, nǹkan bíi 98 ló jẹ́ pé torí ẹran ni. Ọ̀pọ̀ ọdẹ tiẹ̀ ń da ìpẹ́ rẹ̀ nù ni. Owó ẹran rẹ̀ níbẹ̀ sì tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin owó ìpẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ará ibẹ̀ fi máàkì sí adùn ẹran ìgbẹ́ lóríṣiríṣi, akíkà ló gba ipò kìíní.

Kọ̀nténà ni gbogbo ayé ń rí, torí òun ni wọ́n ń ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò ìkòkò.

Òṣómàáló_Ìmọ̀ (10:24 alẹ́)

Ìyẹn ni pé èmi ni mò ń pa á báyìí?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ẹ̀dá (10:26 alẹ́)

Mi ò dárúkọ yín o, sà.

Lẹkúlẹjà_Àtàkúnmọ́sà (10:49 alẹ́)

Ẹ kú àsọyé. Ìyá àgbà ni mí, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ohun tí mò ń sọ. Ìsọ̀ lẹkúlẹjà tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mò ń jókòó tì ní ọjà, torí náà ọ̀rọ̀ yín kàn mí.

Èmi náà ti ta ìpẹ́ akíkà rí, mi ò ní purọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ààbò tàbí àwúre ló ń béèrè rẹ̀. Láyé ìyá mi, inú àwo kékeré kan ló máa ń wà, ìpẹ́ bíi mẹ́wàá, a lè tà á tó oṣù mẹ́fà. Àwọn ọdẹ tó ti jẹ ẹran rẹ̀ ló ń kó o wá.

Ó pẹ́ díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wá bá mi, ó wọ bàtà tó ń dán. Ó ní ìpẹ́ lòun ń wá. Mo ní mélòó? Ó ní àpò. Mo ní àpò kí ni? Ó ní àpò ìpẹ́, pé bí mo bá rí mẹ́ta, òun á kó gbogbo rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín torí mo rò pé ó ń ṣeré ni. Nígbà tó kúrò, ẹ̀rín yẹn ò tán lẹ́nu mi kí àyà mi tó já. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí ọjà yìí, gbogbo èyí tí mo ti tà, tí ìyá mi náà ti tà, kò lè kún àpò kan. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbé àwo yẹn kúrò lórí àtẹ. Mi ò ní í mọ́. Bí ẹnìkan bá béèrè, mo mọ ewé tí mo máa fún un dípò rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ẹ̀dá (10:57 alẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an, màmá. Mo fẹ́ fi kún un pé ohun tí èékánná wa fi ṣe náà ni ìpẹ́ yẹn fi ṣe, kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀.

Lẹkúlẹjà_Àtàkúnmọ́sà (11:03 alẹ́)

Ọmọ mi, èékánná gan-an la fi ń ṣe oògùn. Máa kàwé rẹ lọ.

Òṣómàáló_Ìmọ̀ (11:04 alẹ́)

😂😂😂 Màmá ti pa á!

Kò_Sí_Iyèméjì (11:15 alẹ́)

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó yẹ ká sọ fún Tíṣà. Ẹ má bínú, mà, ẹ̀yin náà jẹ̀bi. Láti 1985 ni òfin ilẹ̀ yìí ti wà lórí àwọn ẹranko tó fẹ́ parun, wọ́n tún un ṣe ní 2016. Láti 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko ìgbẹ́, ti ka òwò akíkà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀, ẹ̀yà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nínú oṣù kẹwàá 2025, Ilé Aṣòfin Àgbà tún fọwọ́ sí àbá òfin tuntun tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ìyẹn wà nílẹ̀, ẹ sì dúró lójú títì, ẹ ná an, ẹ sanwó. Ẹ̀yin ń wò ó pé ẹ gba ẹ̀mí là. Lójú ọmọ yẹn, ọjà ló tà.

Tíṣà_Ìlarè (11:21 alẹ́)

Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe nígbà náà? Kí n wakọ̀ mi kọjá, kí ẹlòmíràn fi se ọbẹ̀?

Kò_Sí_Iyèméjì (11:23 alẹ́)

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bó ṣe dùn mí tó náà nìyẹn.

Ọdẹ_Ìpetu (11:30 alẹ́)

Ìwọ tí o ń sọ bẹ́ẹ̀, o ò rí ojú ẹran yẹn. Fi obìnrin yẹn sílẹ̀.

Tíṣà_Ìlarè (ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:22 òru)

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kò tíì sùn?

Mo ṣe bí Akẹ́kọ̀ọ́ ṣe wí. Mo gbé e sí yàrá tí a ń kó ẹrù sí, mo pa iná, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Nǹkan bí aago méjìlá, mo gbọ́ tó ń há ilẹ̀ wéréwéré. Ó ti tú ara rẹ̀, ó ń mu omi, ahọ́n yẹn ń wọlé ó ń jáde bí okùn. Mo wá rí nǹkan kan tó mì lábẹ́ ikùn rẹ̀. Mo rò pé ìfun rẹ̀ ló tú jáde, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

Ọmọ ni. Ọmọ kékeré, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ìpẹ́ rẹ̀ ṣì rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ mọ́ díẹ̀ ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Láti Òṣú títí dé Ìlarè, láti ìgbà tó ti wà lórí igi yẹn lẹ́bàá títì, inú ara rẹ̀ ló ká a mọ́. Méjì ni mo rà.

Bàbá àwọn ọmọ ti jí. Ó wá wò ó. Kò sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ẹ̀dá (12:31 òru)

Áà! Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, mà. Ìdí ìrù ìyá ni ọmọ máa ń gùn kiri, bí ewu bá dé, ìyá á ká a sí àárín ikùn rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan. Òyà lè bí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìyẹn ló fi ń rọ́pò ara rẹ̀ bí a ṣe ń pa á. Akíkà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má yà wọ́n o! Ẹ má gbé ọmọ yẹn rárá. Mo ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi kan, á bá wa wá dókítà ẹranko láàárọ̀. Bó bá jẹ́ pé ọgbẹ́ rẹ̀ pọ̀, ọ̀nà wà: Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlájùmọ̀kẹ́ Mọ́rẹ́nikéjì ti Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ akíkà nìkan, ní Èkó sì rèé, Dókítà Mark Ofua máa ń tọ́jú àwọn tí wọ́n gbà lọ́jà. Bí ara ìyá bá dá, igbó ló yẹ kó padà sí kíákíá.

Òṣómàáló_Ìmọ̀ (12:40 òru)

Mà, mo ti pa ọ̀rọ̀ ata rodo yẹn rẹ́ lọ́kàn mi. Ẹ má bínú.

Dúdú_Sábó (7:05 àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́. Ibo lẹ máa tú wọn sílẹ̀ sí? Igbó Ìbòdì tí àwọn ọ̀bọ wà ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ẹ̀dá (7:30 àárọ̀)

Ohun tó dáa jù ni kí wọ́n padà sí agbègbè tí wọ́n ti mú wọn. Ibẹ̀ ló ti mọ igi tó ń sùn sí, ibẹ̀ ló ti mọ ibi tí èèrà wà.

Ọdẹ_Ìpetu (7:44 àárọ̀)

Ibẹ̀ náà ni ọmọ yẹn ti mọ ibi tí akíkà wà.

Ẹ gbọ́. Mo mọ bàbá kan tí oko kòkó rẹ̀ ò jìnnà sí ọ̀nà yẹn. Oko àtijọ́ ni, àwọn igi ńlá ṣì wà nínú rẹ̀, odò sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Kì í jẹ́ kí ọdẹ wọ ibẹ̀, ó ti lé èmi gan-an rí. Bí dókítà bá ní ó dáa, màá bá yín lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ oko yẹn síbí o. Mo mọ irú àwọn tó ń ka ojú ewé yìí.

Tíṣà_Ìlarè (ọjọ́ Àìkú, 4:16 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìsinmi o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rójú tẹ̀ ẹ́ ni.

Dókítà wá láàárọ̀ àná. Okùn ti bó ìrù rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fi oògùn sí i, ó ní kò sí eegun tó ṣẹ́, ká má fi wọ́n sílé di ọjọ́ kejì. Aago méje kọjá ni a dé oko yẹn lálẹ́, èmi, Akẹ́kọ̀ọ́, Ọdẹ_Ìpetu (kò rí bí mo ṣe rò ó rárá, ọmọdé ni, mo ti ń pè é ní bàbá lọ́kàn mi látàná) àti bàbá àwọn ọmọ, ẹni tó di tọ́ọ̀ṣì mú. Bàbá olóko kọ́kọ́ bi Ọdẹ pé kí ló ń wá. Nígbà tó rí ohun tó wà nínú agbọ̀n, ó ní ká máa bọ̀.

A gbé agbọ̀n náà sílẹ̀ nídìí igi kan, a sún sẹ́yìn, a pa tọ́ọ̀ṣì. Ó pẹ́ o. Yànmùyánmú jẹ wá. Mo ti ń rò pé ó ti kú nígbà tí Ọdẹ fọwọ́ kàn mí. Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ó ń gbóòórùn. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó tún rìn. Ó fi èékánná di igi yẹn mú, ó fi ìrù ti ara rẹ̀ sókè, ọmọ náà lẹ̀ mọ́ ìdí ìrù rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n rán an mọ́ ọn. Nígbà tó dé ibi tí ẹ̀ka ti pín, a ò rí i mọ́, a kàn ń gbọ́ èèpo igi tó ń já bọ́.

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Kò_Sí_Iyèméjì, ẹ ṣeun.

Mayfair_Kì_Í_Sùn (4:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ ya fọ́tò?

Tíṣà_Ìlarè (4:52 ìrọ̀lẹ́)

Rárá. A pa iná.

Tíṣà_Ìlarè (ọjọ́ Ajé, 1:10 ọ̀sán)

Mo wà ní ilé-ìwé nígbà tí ìpè kan wọlé láàárọ̀ yìí. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Ọmọ Òṣú yẹn ni. Inú rẹ̀ ń dùn, ó kí mi dáadáa, ó bi mí léèrè àwọn ọmọ. Ó ní, "Mà, mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́. A ti rí méjì míì, láàyè. Ṣé kí n mú wọn wá bá yín ní Ifẹ̀ ni, àbí ẹ máa wá?"

Ọdẹ_Ìpetu (1:18 ọ̀sán)

Kí lẹ sọ fún un?

Tíṣà_Ìlarè (1:19 ọ̀sán)

Mo ní mo wà ní kíláàsì, pé màá pè é padà. Mi ò tíì pè é.